Mìlímítà Mẹ́sàn-án Kì í Ṣe Orúkọ Kátíríjì

Ẹnì kẹta rèé lóṣù yìí tó gbé ìbọn ìléwọ́ sórí tábìlì iṣẹ́ mi, tó ní ọta 9 lòun rà, ìbọn 9 lòun ní, kí ló wá dé tó ń yìn lẹ́ẹ̀kan tó sì ń há. Mo ní kó kó ọta ọ̀hún sílẹ̀. Mo yí ìdí ọ̀kan sójú iná: 380 AUTO ni wọ́n tẹ̀ sára idẹ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fín sára ọ̀pá ìbọn rẹ̀ sì ni 9×19, ìyẹn ọta tó fẹ̀ ní mìlímítà 9, tí èèpo rẹ̀ gùn ní 19. Ó ní ẹni tó tà á fún òun ló sọ pé ọmọ ìyá ni wọ́n, pé ọ̀kan kàn kúrú díẹ̀ ni. Inú bí mi gidigidi, kì í ṣe sí oníbàárà mi, sí ẹni tó tà á ni. Ẹni tí kò lè ka ìdí kátíríjì, ìyẹn odindi ọta pẹ̀lú èèpo idẹ àti ẹ̀tù inú rẹ̀, kò yẹ kó máa tà á.

Ohun tí 9 ń sọ fún yín kò ju bí ọta, ìyẹn orí tó ń fò jáde, ṣe fẹ̀ tó lọ. Kò sọ bí èèpo idẹ rẹ̀ ṣe gùn tó, kò sì sọ agbára ẹ̀tù inú rẹ̀. John Browning ará Amẹ́ríkà ló ṣe .380, ìyẹn 380 AUTO ọ̀hún, ilé iṣẹ́ Colt sì gbé e jáde lọ́dún 1908. Èèpo rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 17. Georg Luger ará Jámánì ló ṣe 9×19 ní nǹkan bí ọdún 1902. Ọta àwọn méjèèjì fẹ̀ dọ́gba, àmọ́ agbára tí wọ́n fàyè gbà nínú .380 jẹ́ pọ́ùn 21,500 lórí ínṣì kan níbùú lóròó, ti 9×19 sì jẹ́ 35,000. Ẹ wá fi Makarov ti àwọn Sófíẹ̀tì kún un, 9×18. Òun náà ń jẹ́ 9, ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 9.27. Kò bá èyíkéyìí nínú àwọn méjì yòókù mu.

Bí .380 bá wọ inú ìbọn 9×19, á rì wọlé jù. Ìkọ́ tó ń fa èèpo jáde lè dì í mú kó sì yìn, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ní tó ti ìbọn sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ìbọn oníbàárà mi fi ń há. 9×19 nínú ìbọn .40 (ìdá ínṣì ni wọ́n fi ń ka ìyẹn) burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ihò tí kátíríjì ń wọ̀ fẹ̀ jù fún un. Tó bá yìn, èèpo á wú, á ya. Tí kátíríjì kò bá wọlé, ẹ má fi ọwọ́ tì í, ẹ má fi nǹkan kan lù ú. Ìbọn yín ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ti rìfọ́fà, ìbọn ìléwọ́ tí ihò ọta rẹ̀ ń yí, ni mo lè fi odindi ọjọ́ sọ. Orúkọ .38 Special ń pa irọ́: ọta rẹ̀ kò fẹ̀ tó 0.38 ínṣì, 0.357 ni. Ọta kan náà ló wà nínú .357 Magnum tó jáde lọ́dún 1935, àmọ́ wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú èèpo ti Magnum gùn sí i ní ohun tó lé ní mìlímítà mẹ́ta, kó má bàa wọ inú ìbọn .38. Pọ́ùn 17,000 ni ti .38, 35,000 ni ti Magnum. Nítorí náà, ìbọn .357 ń gba .38, ìbọn .38 kì í gba .357. Àmọ́ bí ẹ bá ń fi .38 yin ìbọn .357 fún ìgbà pípẹ́, èérí ẹ̀tù àti òjé á dì yí iwájú ihò ká bí òrùka, torí èèpo .38 kì í dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá ki .357 sí i, kò ní wọlé tán. Búrọ́ọ̀ṣì idẹ àti òróró ló ń yanjú ìyẹn, kì í ṣe àtàǹpàkò.

Ní ti ààbò ara, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan gbà pé .45 máa ń gbé èèyàn sọ sẹ́yìn. Irọ́ ni. Ọta rẹ̀ wọn gíráàmù 15, ó ń sá mítà bíi 255 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ fi lu ẹni tó wọn kílò 75: ohun tó lè sún un kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọmọ tó ń rá yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ọta bá dé nínú ara ló ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1986, ní Miami lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọta 9 kan gba apá ọ̀daràn kan wọ àyà rẹ̀, ọta náà sì dúró kó tó dé ọkàn. Ọkùnrin náà ń bá ìjà lọ, òṣìṣẹ́ FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, méjì sì kú lọ́jọ́ náà. Láti ibẹ̀ ni FBI ti fi lélẹ̀ pé ọta gbọ́dọ̀ wọ jẹ́látìnì, ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ń dípò ẹran ara nígbà ìdánwò, tó ínṣì 12 sí 18. Wọ́n gbìyànjú kátíríjì mìlímítà 10, .40 tẹ̀ lé e lọ́dún 1990, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 wọ́n padà sí 9×19, torí ọta ìgbàlódé ti dára sí i, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ sì máa ń ṣe déédéé jù pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tí ẹ lè fi yin ibi tí ẹ fojú sùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, òun ni kí ẹ mú.

Ohun tó ń dùn mí ni ti ọkùnrin kan tó gbé rìfọ́fà bàbá rẹ̀ wá. “Ọ̀gá, ó ń ta iná sí mi lọ́wọ́.” Ìbọn ọ̀hún, irú èyí tí Smith & Wesson ṣe fún ọmọ ogun Bìrìtìkó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni. .38 ni lóòótọ́, àmọ́ .38 S&W ni, tí èèpo rẹ̀ kúrú tó sì sanra ju ti Special lọ. Lẹ́yìn ogun, àwọn kan ń gbẹ́ ihò irú ìbọn bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀ kó lè gba .38 Special, wọ́n á sì tà á. Wọ́n lè mú ihò gùn. Ta ló lè mú ihò tó ti fẹ̀ kéré? Ẹlòmíì tó ń pe ara rẹ̀ ní atúnbọnṣe ti wò ó kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó kàn fi òróró pa á, ó gba owó.

Èèpo mẹ́fà ló kó lé mi lọ́wọ́. Gbogbo wọn ló wú nídìí bí àdó. Méjì ti ya láti ìdí sókè, dúdú èéfín sì yí ojú ibi tó ya ká. Ojú kékeré-kékeré iná ẹ̀tù wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka rẹ̀, ó ti ń sé èépá. Ó bi mí bóyá mo lè bá òun wá ọta tó yẹ ẹ́. Mo fi kálípà, irin tí a fi ń wọn ìbú, wọn ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà níṣojú rẹ̀, mo sì sọ fún un pé kò sí kátíríjì kankan tó yẹ ẹ́ mọ́. Mo yọ abẹ́rẹ́ ìbọn náà, èyí tó ń lu ìdí kátíríjì kó tó yìn, mo wé e sínú bébà, mo fi í lé e lọ́wọ́ lọ́tọ̀, ó sì gbé ìbọn bàbá rẹ̀ lọ sílé láìsọ̀rọ̀.