Kò sí kòtò lójú ọ̀run

Lóṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá, mo wọ ọkọ̀ òfurufú láti Àbújá lọ sí Èkó. Màmá kan ló jókòó tì mí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò pẹ́ tí a gbéra ni ọkọ̀ wọ inú ìkùukùu dúdú kan. Ó gbé wa sókè, ó tún já wálẹ̀ gìrì, àyà gbogbo wa já. Ẹnìkan ń pariwo "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" níwájú. Màmá gbá ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kòtò la já sí yìí?"

"Rárá, mà. Kò sí kòtò lókè yìí."

Wọn ò gbà mí gbọ́, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé àwọn ibì kan wà lójú ọ̀run tí kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀ rárá, pé bí ọkọ̀ bá ti débẹ̀, ńṣe ni yóò máa já bọ̀ bí òkúta títí yóò fi tún bá afẹ́fẹ́ pàdé. Ẹni tó bá ti jókòó nínú dánfó tó kó sí gálọ́ọ̀pù rí, ara rẹ̀ ti mọ irú jíjá bẹ́ẹ̀, orúkọ tó mọ̀ náà ni yóò sì pè é.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń gbẹ́ tó ń di kòtò. Afẹ́fẹ́ kì í gbẹ́. Bí èyí tó wà níbì kan bá ti ń kúrò, òmíràn ti ń rọ́ wọlé. Ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 35,000, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń fò, agbára ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tó wà nílẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó wà níbi gbogbo, eré tí ọkọ̀ sì ń sá ló jẹ́ kí ó tó o gbé dúró.

Omi ló yẹ ká fi wé e, kì í ṣe títì. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi láti CMS lọ sí Ìkòròdú, kí ọkọ̀ ńlá kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ìgbì rẹ̀ yóò gbé yín sókè, yóò sọ̀ yín kalẹ̀, ẹ ó di pákó mú. Kò sẹ́ni tí yóò sọ pé ọ̀sà ti lu. Ohun tí àwọn páílọ́ọ̀tì ń pè ní tọ́búlẹ́ńsì nìyẹn: ìgbì afẹ́fẹ́. Nígbà mìíràn, oòrùn ọ̀sán ló mú ilẹ̀ gbóná, tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń ru sókè bí ooru inú ìkòkò. Nígbà mìíràn, ìkùukùu òjò ni, irú èyí tó máa ń ga fíofío nílẹ̀ wa níbi tí atẹ́gùn olómi láti orí òkun ti ń pàdé atẹ́gùn gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Èyí tó máa ń bá èèyàn lójijì jù ni ti atẹ́gùn tó ń sáré bí odò lókè réré, lójú ọ̀run tó mọ́ kedere. Rédà inú ọkọ̀ kì í rí i, nítorí òjò ni rédà ń wá.

Báwo wá ni ọkọ̀ ṣe ń já tó? Ní ọjọ́ 21, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024, ọkọ̀ Singapore Airlines kan tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù pàdé ìgbì líle lókè Myanmar. Ariwo tó gba ayé ni pé ó já tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000. Nígbà tí àwọn olùwádìí ka ẹ̀rọ tó ń gba àkọsílẹ̀ inú ọkọ̀ náà, ẹsẹ̀ bàtà 178 ni wọ́n rí, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 4.6. Àwọn awakọ̀ fúnra wọn ló rọra sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn náà kí wọ́n lè gbé àwọn tó farapa lọ sí Bangkok. Ọkọ̀ ọ̀hún balẹ̀ ní odindi. Ọkùnrin ẹni ọdún 73 kan kú. Ọ̀pọ̀ èèyàn tún ṣèṣe, nítorí pé ara tí a kò fi bẹ́líìtì dè ni òrùlé ọkọ̀ ń gbá. Àjálù ńlá ni ọjọ́ yẹn, èyí tó máa ń dẹ́rù bà wá láàárín Àbújá sí Èkó kò sì sún mọ́ ọn rárá.

Apá ọkọ̀ tí ẹ ń wò lójú fèrèsé tó ń jù sókè sódò, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, bí ọparun tó ń tẹ̀ fún ìjì. Ní oṣù Kìíní ọdún 1995, Boeing fa apá ọkọ̀ 777 sókè nínú ilé ìdánwò títí ó fi kán. Agbára tó kán an jẹ́ ìdá 154 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó le jù lọ tí wọ́n rò pé ó lè bá pàdé láyé rẹ̀. N kò ní fi òtítọ́ pamọ́ fún yín: ní ọdún 1966, afẹ́fẹ́ tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè Fuji ní Japan fọ́ ọkọ̀ Boeing 707 kan, èèyàn 124 ló sì kú. Ìdí nìyẹn tí àwọn awakọ̀ fi ń yẹra fún irú afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkè bẹ́ẹ̀.

Ohùn ẹ́ńjìnì lọ sílẹ̀, màmá tún gbọ̀n. Wọ́n rò pé ó ti kú. Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, mà, awakọ̀ ló dín eré kù, bí dírẹ́bà ṣe ń ṣe tó bá dé ojú ọ̀nà tí kò dáa."

Ìmọ̀ nìkan kì í lé ẹ̀rù lọ, ara náà ní ti ẹ̀. Mo bá wọn fa bẹ́líìtì kó fún ìbàdí dáadáa. Mo ní kí wọ́n mí sínú títí n ó fi ka ẹẹ́rin, kí wọ́n wá mí síta títí n ó fi ka ẹẹ́fà. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ike omi mi tó kù ní ìdajì lé wọn lọ́wọ́, mo ní, "Ojú omi yìí ni kí ẹ máa wò." Omi náà ń mì, ó ń gun ẹ̀gbẹ́ ike díẹ̀, ó ń padà. Ìgbà tí ara wa ń sọ pé a ti já láti òkè dé ìsàlẹ̀, omi yẹn kò gùn ju ìka méjì lọ. Wọ́n wò ó títí. Ọwọ́ wọn tó mú mi le tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀.

Bí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ mú ti àárọ̀ kí ilẹ̀ tó gbóná, kí ẹ sì béèrè fún sítì tó wà lórí apá ọkọ̀, ibẹ̀ kì í mì tó ẹ̀yìn. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ̀rù máa ń bà yín. Bí owó bá wà, ẹ ra sítì tirẹ̀ fún ọmọ kékeré, kí ẹ sì fi àga ọmọdé dè é sí i, ọwọ́ ìyá kò lè dì í mú nígbà tí ìgbì bá le. Ẹ má tú bẹ́líìtì nítorí pé iná rẹ̀ ti kú.

Nígbà tí a balẹ̀ ní Ìkejà, màmá ti wọ bàtà, wọ́n ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ike omi mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn.