Àbádòfin aṣòfin yín: ìgbà wo ló ń di òfin, níbo sì ni ará àdúgbò ti lè fọwọ́ kàn án?

Ìròyìn irú èyí kì í wọ́n lórí rédíò: Ọnárébù ẹkùn wa ti gbé àbádòfin kalẹ̀ lórí owó ilé. Oṣù mélòó kan á kọjá, onílé ṣì ń gba owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, ayálégbé á sì máa béèrè pé òfin náà dà. Àwọn ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù nípa iṣẹ́ aṣòfin ìpínlẹ̀ la dáhùn níbí. Èkó la ti mú èyí tó pọ̀ jù nínú àpẹẹrẹ wa, ṣùgbọ́n ìlànà tó wà nínú ìwé òfin ọdún 1999 kò yàtọ̀ ní Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì.

Wọ́n ní àbádòfin náà ti "kọjá kíkà kejì". Ṣé ó ti di òfin nìyẹn?

Rárá o, kò tíì dé ìdajì ọ̀nà. Ní kíkà àkọ́kọ́, akọ̀wé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kàn máa ń ka àkọlé rẹ̀ sókè ni, ẹnikẹ́ni kì í jà lé e lórí. Ní kíkà kejì, ẹni tó ni àbádòfin á dìde ṣàlàyé ìdí rẹ̀, àwọn yòókù á sọ tiwọn. Bí ilé bá gbà á, abẹnugan á gbé e fún ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó. Ọ̀dọ̀ wọn ni iṣẹ́ gan-an wà: àwọn ló ń pe ará ìlú, àwọn ló ń yọ gbólóhùn kan tí wọ́n ń fi òmíràn rọ́pò. Lẹ́yìn tí wọ́n bá jábọ̀ ni kíkà kẹta, kí ó tó dé iwájú gómìnà.

Gómìnà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti buwọ́ lù ú tàbí láti sọ pé òun kò ní buwọ́ lù ú. Bó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin lè sọ ọ́ di òfin láìsí ìbuwọ́lù rẹ̀. Ní Èkó tí aṣòfin rẹ̀ jẹ́ 40, ẹni 27 nìyẹn. Ní Ọ̀yọ́ tó ní 32, ẹni 22. Ní Ògùn tó ní 26, ẹni 18. Ó rọrùn láti kà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ilé tí ẹgbẹ́ òṣèlú gómìnà bá ti pọ̀ jù kì í sábà dán an wò.

Òfin owó ilé ti wà ní Èkó láti ọdún 2011. Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń gba ọdún méjì?

Ẹ jẹ́ ká ṣí òfin náà wò. Ìpín kẹrin rẹ̀ ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó ti wà nínú ilé tó ń san lóṣooṣù, wọn kò gbọdọ̀ béèrè ju ti oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń san lọ́dọọdún, kò gbọdọ̀ ju ọdún kan. Ẹni tó bá rú u, ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta.

Ibi tó ti ń jò ni pé ìpín yìí kan náà sọ pé ẹni tó gba àjùlọ àti ẹni tó san án, àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún ọlọ́pàá pé òun san owó ọdún méjì, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu ara rẹ̀ ló máa fi ti ara rẹ̀ mọ́lé? Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó wà, òfin ti pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ tún wo ìtanràn náà: iye kan pàtó ni wọ́n kọ, ₦100,000 ọdún 2011 kò sì jọ ti òní rárá. Onílé tó ń gba mílíọ̀nù méjì lè kà á mọ́ ìnáwó rẹ̀ kó má sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní wọ́n so ó mọ́ iye owó ilé ni, ì bá máa dàgbà bí owó ilé ṣe ń dàgbà. Yàtọ̀ sí èyí, òfin náà yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀ pátápátá.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú rẹ̀ ni ti nótísì. Bí ẹ kò bá ti kọ ohun mìíràn sínú àdéhùn yín, ẹni tó ń san lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí nótísì oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó lé e, ẹni oṣooṣù ní oṣù kan. Onílé sì gbọ́dọ̀ fún yín ní rìsíìtì tó ní ọjọ́, orúkọ ẹni tó gbà àti ẹni tó san, ibi tí ilé wà, iye owó àti àkókò tí owó náà bò. Ẹjọ́ lè ṣubú ní kóòtù bí rìsíìtì kò bá sí, tàbí bí kò bá sọ oṣù tí owó náà bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Báwo ni èmi tí mi ò mọ ẹnì kankan ṣe lè fi ẹnu sí àbádòfin?

Bí ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó bá fẹ́ gbọ́rọ̀ ará ìlú, wọ́n á kéde ọjọ́ nínú ìwé ìròyìn àti lórí rédíò, ọjọ́ náà kì í sì í jìnnà. Ẹ má dúró de ìkéde. Ẹ lọ gba ẹ̀dà àbádòfin ní ọ́fíìsì akọ̀wé ilé aṣòfin: Alausa ni ti Èkó, Agodi ní Ìbàdàn, Òkè-Mosàn ní Abẹ́òkúta. Ẹ ní àkọlé rẹ̀ gan-an lọ́wọ́ kí ẹ tó lọ, torí bí ẹ bá ní "èyí tó jẹ mọ́ owó ilé", wọ́n lè dá yín padà.

Ohun tó ń ba ìwé ará ìlú jẹ́ jù ni ẹ̀bẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wa, owó ilé ti pọ̀ jù." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ni ìgbìmọ̀ fẹ́ fi ṣe? Ẹ kọ nọ́ńbà ìpín, gbólóhùn tó wà níbẹ̀, èyí tí ẹ fẹ́ kó rọ́pò rẹ̀, àti ìdí kan. Bí irú òfin 2011 yẹn bá tún dé iwájú ilé, báyìí la ṣe máa kọ ọ́:

*Ìpín 4, níbi tí wọ́n ti kọ ìjìyà: ẹ yọ "tàbí tó san" kúrò. Ìdí: ayálégbé tó ń bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n kò ní jẹ́rìí sí onílé.*

Ojú ewé méjì ti tó. Kí alága àti akọ̀wé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, buwọ́ lù ú, torí ìwé ẹgbẹ́ wúwo ju ti ẹnì kan lọ. Ẹ mú ẹ̀dà méjì dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọ̀kan fún yín.

Ṣé ariwo ará ìlú ti yí òfin kan padà rí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọdún 2018, Èkó ṣe òfin tuntun lórí Land Use Charge, owó tí onílé ń san fún ìjọba lọ́dọọdún lórí ilé àti ilẹ̀. Ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé, wọ́n ní kó san 0.076 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n bu lé e. Lórí mílíọ̀nù ogún, ₦15,200 nìyẹn. Àwọn onílé, agbẹjọ́rò àti oníṣòwò fárígá, ìjọba sì kọ́kọ́ dín in kù lọ́dún náà. Òfin ọdún 2020 wá gbé e wálẹ̀ sí 0.0394: lórí mílíọ̀nù ogún kan náà, ₦7,880. Ẹ kíyè sí i ṣá o, bí wọ́n ṣe ń díwọ̀n iye ilé ní 2018 kò yí padà. Àwọn tó pariwo lórí owó nìkan kò rí ti ìdíwọ̀n bójú tó.

Aṣòfin wa gbé ọ̀rọ̀ ọ̀nà wa dé iwájú ilé, gbogbo wọn sì fọwọ́ sí i. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àbá ló gbé wá, kì í ṣe àbádòfin. Àbá tí ilé fọwọ́ sí á di ìpinnu. Ìpinnu náà á ké sí gómìnà tàbí kọmíṣánnà pé kó ṣe nǹkan. Kò sí ohun tó mú un ní dandan fún wọn. Inú ètò ìṣúná ni ọ̀nà ti ń rí owó. Kí ọdún tó parí, nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba bá ń wá ṣàlàyé ìṣúná wọn níwájú ìgbìmọ̀, ẹ ní kí aṣòfin yín fi orúkọ ọ̀nà náà hàn yín nínú ìwé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ bi í léèrè iye tí wọ́n *san jáde* fún un, torí iye tí wọ́n kọ àti iye tó jáde kì í sábà bára mu. Bó bá sì jẹ́ ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni, irú márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kò sí ohun tí aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ṣe sí i ju ẹnu lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọlọ́pàá àti owó oṣù tó kéré jù. Ẹni tó bá ṣèlérí wọn fún yín níbi ìpolongo, ẹ bi í pé agbára wo ló fẹ́ fi ṣe é. Iná mànàmáná yàtọ̀: láti ọdún 2023, ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lórí bí wọ́n ṣe ń pèsè rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń pín in. Amọ̀tẹ́kùn náà, òfin ìpínlẹ̀ ọdún 2020 ló gbé e dúró.

Báwo la ṣe máa mọ ohun tí aṣòfin wa ti ṣe gan-an?

Ìrẹsì, ọ̀kadà àti ẹ̀rọ ìlọta tó ń pín kì í ṣe iṣẹ́ òfin, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kọ lẹ́tà sí akọ̀wé ilé lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011: ẹ béèrè orúkọ àbádòfin tí aṣòfin náà gbé kalẹ̀, ọjọ́ kíkà kọ̀ọ̀kan, àti ìgbìmọ̀ tí àbádòfin náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ pé òfin àpapọ̀ yẹn kò kan àwọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025.

Tí ìdáhùn bá dé, ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni àwọn aṣòfin wọ̀nyí wọlé, ọdún mẹ́rin sì ni sáà wọn. Àbádòfin tó bá ṣì sùn sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ nígbà tí sáà bá parí, ó sábà máa ń bá sáà náà lọ ni, ẹni tó bá sì tún fẹ́ ẹ á bẹ̀rẹ̀ láti kíkà àkọ́kọ́. Alága ìgbìmọ̀ náà lẹ máa kọ lẹ́tà kejì sí, kó sọ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbọ́rọ̀ ará ìlú.