Òkùnkùn Tí Wọ́n Kéde, Olè Náà Gbọ́ Ọ

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí IBEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná mànàmáná fún wa, bá ti kéde pé àwọn fẹ́ pa iná láti tún òpó tàbí wáyà ṣe, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé: tíráńsífọ́mà wo ni iná ò ní sí lórí rẹ̀? Àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun á máa wò mí. Wọ́n rò pé ilé àti ṣọ́ọ̀bù nìkan la fẹ́ ṣọ́.

Wáyà tí iná wà lára rẹ̀ ń ṣọ́ ara rẹ̀. Olè tó bá fọwọ́ kàn án lè kú síbẹ̀. Ìgbà tí iná bá lọ ni wọ́n máa ń wá gé e, pàápàá bí iṣẹ́ náà bá wọ òru. Bó bá wá jẹ́ èyí tí wọ́n kéde, olè ti mọ wákàtí tí iná máa lọ àti èyí tó máa dé. Àdúgbò tí wọ́n ti gé wáyà rẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ: òkùnkùn ọjọ́ kan á di ti ọ̀pọ̀ oṣù, onílé àti ayálégbé á sì máa dáwó.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti gbọ́ ìkéde, kí alága ẹgbẹ́ onílé lọ bá DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá tó ni àdúgbò yín, ní ojúmọmọ, kó sọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí tíráńsífọ́mà wà. Kó sọ fún Àmọ̀tẹ́kùn àti ọdẹ àdúgbò pẹ̀lú. Mọ́tò ọlọ́pàá ò pọ̀, ibi tí wọ́n bá sọ fún wọn ni wọ́n ń yà sí. Ní Bódìjà, mọ́tò lè yí ká. Ní Òjé àti Bẹẹrẹ, agboolé fún mọ́ra wọn, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń wọ ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Ọdẹ kan tó mọ ojú gbogbo ará ilé wúlò níbẹ̀ ju mọ́tò mẹ́ta lọ. Àgọ́ ọlọ́pàá gan-an ní iṣẹ́ tirẹ̀, torí iná lè má sí níbẹ̀ náà. Kí wọ́n ti ṣáájì rédíò ìbánisọ̀rọ̀ àti tọ́ọ̀ṣì, kí epo wà nínú mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n má sì máa gba ọ̀nà kan náà kọjá ní aago kan náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń ká mi lára. Ẹni tó gun òpó lóru lè jẹ́ òṣìṣẹ́ iná. Kí ẹ tó pariwo olè, ẹ bèèrè káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ẹ pe ọ́fíìsì wọn láti mọ̀ bóyá wọ́n rán ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ olè lóòótọ́, ẹ pe 615, nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí kì í gba owó, tàbí 112. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ ara yín dájọ́. Mo ti rí ibi tí taya àti bẹntiróòlù ti ṣáájú ìbéèrè, mi ò fẹ́ rí i mọ́.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ìta gbangba ni kó wà, kì í ṣe kọ́rídọ̀ tàbí ìdí fèrèsé. Carbon monoxide tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò lóòórùn, kò láwọ̀. Ẹni tó ń sùn ò ní mọ̀ pé òun ń kú lọ. Ẹ má sì ki wáyà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì láti fi tan gbogbo ilé láìsí ṣénjíófà, ìyẹn súìsì tó ń ya iná jẹnẹrétọ̀ kúrò lára ti IBEDC. Iná yẹn lè gba wáyà padà dé tíráńsífọ́mà, kó di 11,000 fólítì níbẹ̀, kó sì gbé òṣìṣẹ́ tó wà lórí òpó, tó gbà pé wọ́n ti pa iná.

Bó bá kù díẹ̀ kí wákàtí tí wọ́n dá pé iná máa padà dé pé, kí àwọn ọdẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí tíráńsífọ́mà àti òpó kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá rí wáyà tó já sílẹ̀, kí wọ́n dúró jìnnà, kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọdé súnmọ́ ọn, kí wọ́n sì pe IBEDC kíákíá kí wọ́n má tíì dá iná padà.