Ojúṣe ilé-iṣẹ́ sí àwùjọ: ọ̀nà wo lèrè gbà wọlé?

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá gbẹ́ kànga fún ìlú, tó tún jẹ́ pé òun náà ló ń da omi kẹ́míkà sódò tí ìlú ọ̀hún ń mu, gbèsè ló ń san díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe ìtọrẹ. Ojúṣe sí àwùjọ kọ́kọ́ ń bèèrè bí èrè ṣe wọlé, kó tó bèèrè bí wọ́n ṣe ná an.

Ọ̀dọ̀ àwọn tọ́rọ̀ kàn niṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀: òṣìṣẹ́, oníbàárà, aládùúgbò, ìjọba, àwọn tó fowó dókòwò. Ilé-iṣẹ́ á wo ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti lè pa wọ́n lára, á yan ẹni tí yóò máa bójú tó o, á ya owó sọ́tọ̀, á sì máa gbé ìròyìn jáde. Ìròyìn tó kún fún àwòrán ẹ̀rín, tí kò sọ iye òṣìṣẹ́ tó fara pa, ìpolówó ọjà lásán ni.

Àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ ṣe ọjà náà wà lára ojúṣe yìí. Ní Bangladesh, oṣù kẹrin ọdún 2013, ògiri ilé alájà mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní Rana Plaza lanu. Báńkì tó wà níbẹ̀ ní káwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ má wá mọ́; àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ aránṣọ tó wà nínú ilé náà ní káwọn aránṣọ padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ilé wó, ó pa èèyàn tó lé ní 1,100. Orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ńláńlá ilẹ̀ òkèèrè wà lára aṣọ tí wọ́n hú jáde lábẹ́ àlàpà, bẹ́ẹ̀ wọn kọ́ ló nilé. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ nínú wọn tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn tó múlẹ̀ lábẹ́ òfin, pé kí wọ́n máa yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ wò.

Òfin Íńdíà ti 2013 ní tiẹ̀ fipá mú àwọn ilé-iṣẹ́ tó bá tóbi dé ìwọ̀n kan láti ná ìdá 2 nínú 100 ìpíndọ́gba èrè ọdún mẹ́ta sórí ojúṣe sí àwùjọ. Ó dára, ṣùgbọ́n owó níná nìkan nìyẹn.

Èrè tó wà níbẹ̀ fún ilé-iṣẹ́? Òṣìṣẹ́ kì í tètè fiṣẹ́ sílẹ̀, owó iná àti omi á dín kù, bí àṣìṣe bá sì ṣẹlẹ̀, àwọn èèyàn á kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Kì í yá o: ìnáwó dé lọ́dún yìí, èrè rẹ̀ lè di ọdún márùn-ún. Tí ọjà bá dẹnu kọlẹ̀, owó ìtọrẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé. Ẹ̀rọ tó ń fọ omi ìdọ̀tí kì í sábà sí lára ohun tí wọ́n ń gé, torí ó ti wọnú iṣẹ́.