Kí ni 127/850 tó wà lábẹ́ àwòrán bàálù ogun?

Ẹni tó ń kó àwòrán bàálù ogun jọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kí àlejò wo àwòrán náà pẹ́. O ṣì ń wo Spitfire, bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì, tó fi apá kan dàgẹ̀rẹ̀ sínú oòrùn, onílé á ti nawọ́ sí ìsàlẹ̀, sí àyè funfun tó wà láàárín àwòrán àti férémù. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ̀wé síbẹ̀. Lápá kan, 127/850. Lápá kejì, orúkọ ayàwòrán. Láàárín, orúkọ méjì tàbí mẹ́ta tí ọwọ́ arúgbó kọ, tó wọ́ díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lowó wà.

Ìtumọ̀ 127/850 kò le: ẹ̀dà 850 péré ni wọ́n tẹ̀, èyí tó wà níwájú rẹ yìí ni wọ́n kọ 127 sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ayàwòrán fi ọ̀dà ya àwòrán náà sórí aṣọ, ẹnì kan sì ti lè ra ìyẹn lọ tipẹ́. Èyí tó wà lára ògiri jẹ́ títẹ̀ lórí ìwé tó nípọn, ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń tẹ ìwé ìròyìn aláwọ̀ mèremère. Ìlérí ló mú un yàtọ̀: kí wọ́n tó tà á ni wọ́n ti kéde iye tí wọ́n máa tẹ̀, wọn ò sì ní tẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ láéláé. Òun ni wọ́n ń pè ní limited edition. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ẹ̀dà oníye.

Fi wé kálẹ́ńdà ìsìnkú. Ta ló ń ka iye rẹ̀? Bó bá tán kí gbogbo àna tó gba tiwọn, a ó padà sọ́dọ̀ onítẹ̀wé ní Ṣómólú, a ó ní kó fi igba kún un. Kálẹ́ńdà kò lè di ohun tí ẹnì kan ń wá kiri torí pé kò ní òpin. Ẹni tó bá ti rí àwọn àwòrán títẹ̀ Bruce Onobrakpeya nílé wa níbí á ti bá irú nọ́ńbà yìí pàdé lábẹ́ wọn.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé 1/850 níyì ju 849/850 lọ. Ó rí bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, nígbà tí wọ́n ń fi àwo bàbà tẹ àwòrán, tí ìlà ara àwo náà sì ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀. Ti àkọ́kọ́ máa ń mú ju ti ìkẹyìn lọ nígbà náà. Lórí ẹ̀rọ òde òní, ìkíní àti ìkẹyìn ò yàtọ̀, kò sì dájú pé ìwé tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ni wọ́n kọ 1 sí.

O tún lè rí A/P (artist's proof) dípò nọ́ńbà lásán. Ẹ̀dà tí ayàwòrán fi ń yẹ iṣẹ́ wò kó tó gbà pé ó dára ni A/P tẹ́lẹ̀. Lóde òní, òǹtajà ń tẹ̀ ẹ́ pa pọ̀ mọ́ ìyókù, ó kàn ya díẹ̀ sọ́tọ̀, ó sì gbówó lé e. Lójú tèmi, bí kò bá ní orúkọ awakọ̀ bàálù kan tí ìyókù kò ní, kò yẹ kí n sanwó lé e. Rìmáàkì ni mo lè sanwó lé. Àwòrán kékeré ni, bóyá bàálù kan tí kò ju àtàǹpàkò méjì lọ, tí ayàwòrán fi pẹ́ńsù yà sí àyè funfun náà lórí ẹ̀dà kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ kò bá a dá sí i.

Orúkọ àwọn awakọ̀ bàálù tó buwọ́ lu ìwé náà ló wúwo jù. Robert Taylor, ayàwòrán ọmọ ìlú Bath nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó sọ àṣà yìí di ńlá: ó ya Spitfire, wọ́n sì gbé ìwé náà lọ fún Douglas Bader àti Johnnie Johnson, awakọ̀ bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n buwọ́ lù ú. Irin ni ẹsẹ̀ méjèèjì Bader nígbà tó ń ja Ogun Àgbáyé Kejì. Johnson já bàálù ọ̀tá 34 lulẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn awakọ̀ bàálù ogun Jámánì bíi Adolf Galland àti Günther Rall náà ń mú pẹ́ńsù. Àwọn tó ń wá ẹ̀mí ara wọn lọ́dún 1940 ni orúkọ wọn ń tò tẹ̀ lé ara wọn lórí ìwé kan náà. Bader kú lọ́dún 1982, Galland 1996, Johnson 2001, Rall 2009. Lóṣù March 2025, John “Paddy” Hemingway kú lẹ́ni ọdún 105, òun ló kẹ́yìn nínú àwọn bí 3,000 tó ja ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1940.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá díẹ̀. Owó tí wọ́n dá ní Nàìjíríà nígbà ogun ló jẹ́ kí 91 Squadron, ẹgbẹ́ kan nínú RAF (àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), máa jẹ́ Nigeria Squadron. Spitfire ni wọ́n ń fò, DL ni lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù wọn. Bí o bá rí lẹ́tà yẹn nínú àwòrán, béèrè nípa rẹ̀. Àmọ́ Peter Thomas, ọmọ Èkó tó di awakọ̀ bàálù RAF, kú nínú ìjàǹbá bàálù ní January 1945. Ayàwòrán lè ya ojú rẹ̀ lónìí, ó lè ya bàálù rẹ̀. Àyè funfun yẹn ni kò sí ẹni tó máa bá a kọ nǹkan sí.

Kí o tó sanwó, gbé ìwé náà dàgẹ̀rẹ̀ sábẹ́ iná. Pẹ́ńsù máa ń dán, ó sì máa ń tẹ ìwé wọlé díẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Bí orúkọ náà bá tú sí tótòtó wẹ́wẹ́ bí ìyókù àwòrán, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló buwọ́ lù ú.