Wikipedia kì í ṣe pátákó ìta ṣọ́ọ̀bù

Láti Tanke dé Ọjà-Ọba, láti Ọ̀ffà dé Òmù-Àrán, ìmọ̀ràn kan wà tí àwọn tó ń bá oníṣòwò ṣe wẹ́ẹ̀bù máa ń gbà wọ́n: ẹ ṣí ojú ewé lórí Facebook, ẹ ṣí ti Instagram, ẹ sì ṣí ti Wikipedia mọ́ ọn. Ẹ gba méjì àkọ́kọ́, ẹ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀.

Láti ọdún 2001 tí Wikipedia ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ti lè bá wọn kọ ọ́. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ gbà pé ẹni tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ló ni àyọkà náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí àwọn tí kò bá ilé-iṣẹ́ kan tan, tí kò sì gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, ti kọ jáde nípa rẹ̀ ni wọ́n ń kó jọ síbẹ̀, ìbáà dùn, ìbáà korò. Bí irú wọn kò bá tíì kọ nǹkan kan, kò tíì sí ohun tí wọn yóò kó jọ.

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ń hun aṣọ òfì ní Ìlọrin, tí ọ̀gá ibẹ̀ sì kó ẹ̀rí márùn-ún sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ètò orí rédíò tó sanwó fún: ìpolówó ni, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ìkejì ni ìròyìn tó jáde nínú ìwé ìròyìn mẹ́ta, tí gbólóhùn wọn bá ara mu látòkè délẹ̀. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti jáde, nítorí náà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò kà. Ìkẹta jẹ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó jẹ́ pé ọ̀gá nìkan ló ń ròyìn ara rẹ̀. Ìkẹrin ni orúkọ wọn láàárín àwọn tó pàtẹ ọjà níbi ìpàtẹ kan, orúkọ lásán. Ìkarùn-ún ni àpilẹ̀kọ gígùn tí akọ̀ròyìn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, tó bá àwọn ahunṣọ àti oníbàárà sọ̀rọ̀, tó sì gbọ́ tẹnu àwọn tó ń bá wọn du ọjà. Ìkarùn-ún yìí nìkan ló kà, òfin Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí ilé-iṣẹ́ sì ń béèrè ju ẹyọ kan lọ. Kò tíì yá nìyẹn. Ìwé-ẹ̀rí CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kò lè gbà á là, nítorí ohun tó ń sọ kò ju pé ilé-iṣẹ́ náà wà. Bákan náà ni iye àwọn tó ń tẹ̀ lé e lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti àwọn àmì-ẹ̀yẹ tí ẹni tó gbà á ló sanwó rẹ̀.

Èdè tí ilé-iṣẹ́ fi ń kọ nípa ara rẹ̀ tún ń tú àṣírí. Ẹ wo irú èyí: «Ilé-iṣẹ́ wa ni ògbóǹtarìgì tó ń múpò iwájú nínú aṣọ òfì ojúlówó ní gbogbo Kwárà, ìtẹ́lọ́rùn oníbàárà ló sì jẹ wá lógún.» Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹ yọ ìyìn kúrò níbẹ̀, ohun tó kù ni «ilé-iṣẹ́ kan tó ń hun aṣọ òfì ní Ìlọrin». Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tan ara rẹ̀: fífọ èdè mọ́ kò sọ ẹ̀rí kan di méjì.

Bí ọ̀gá náà bá fi tipátipá kọ ọ́ ńkọ́? Lórí ti Gẹ̀ẹ́sì, àkáǹtì gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́rin, kó sì ti ṣe àtúnṣe mẹ́wàá, kó tó lè dá àyọkà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá fi orúkọ ilé-iṣẹ́ ṣe orúkọ àkáǹtì, wọ́n á dí i, torí èèyàn kan ṣoṣo ni àkáǹtì wà fún. Bó bá da ọ̀rọ̀ orí wẹ́ẹ̀bù rẹ̀ kọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ oní-nǹkan yọjú. Ìpolówó pọ́ńbélé, alámòójútó lè pa á rẹ́ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tí kò hàn tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á jíròrò lé e lórí, ọjọ́ méje ló sábà máa ń gbà. Èyí tó dunni jù ni pé bó bá ń padà kọ ọ́ ṣáá, wọ́n lè ti orúkọ ilé-iṣẹ́ náà pa, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ẹ̀rí bá pé gan-an, ẹ̀bẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀.

Ìlérí pé Wikipedia yóò gbé wẹ́ẹ̀bù oníṣòwò ga lórí Google kò sì rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Láti ọdún 2007, Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì ti fi àmì nofollow, tó ń sọ fún Google pé kó má ka ìjápọ̀ náà sí, sára ìjápọ̀ tó jáde lọ sí wẹ́ẹ̀bù mìíràn, kí irú ìjápọ̀ bẹ́ẹ̀ má baà máa gbé ẹnikẹ́ni ga. Àyọkà tuntun pàápàá kì í sábà hàn lórí Google kí olùyẹ̀wò tó fọwọ́ sí i.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun mọ èèyàn níbẹ̀. Ní 2015, wọ́n dí àkáǹtì 381 tí àwọn gbájúẹ̀ kan ń lò. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí Wikipedia kò gba àyọkà wọn wọlé ni àwọn gbájúẹ̀ náà ń lọ bá. Wọ́n á gbowó kí wọ́n tó gbé e jáde, wọ́n á tún máa gbowó oṣooṣù kí wọ́n má baà pa á rẹ́. Kò sẹ́ni tó lágbára láti ta ààbò bẹ́ẹ̀. Láti 2014 ni àdéhùn ìlò Wikipedia ti fi dandan lé e pé kí ẹni tó ń gbowó kọ̀wé sọ ẹni tó ń san án. Òṣìṣẹ́ tó ń kọ nípa ilé-iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ wà lára wọn.

Bí àyọkà bá ti wà tí àṣìṣe sì wọ inú rẹ̀, ojú ewé ìjíròrò rẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ ni ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ kọ gbólóhùn tó wà níbẹ̀, ẹ kọ èyí tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀, ẹ fi orísun tí kì í ṣe tiyín sí i, kí ẹ sì ní sùúrù. Ẹ má fọwọ́ kan ìròyìn tí kò dùn mọ́ yín nínú. Ìtàn ojú ewé náà ń tọ́jú gbogbo ohun tí ẹ bá yọ.

Àwọn kan ti ń sá wá sórí ti Yorùbá nítorí pé olóòtú ibẹ̀ kò pọ̀. Èyí burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ìpolówó á pẹ́ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i, èdè wa ni yóò sì bà jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ iṣẹ́ ọwọ́ Ìlọrin lè kọ nípa aṣọ òfì híhun fúnra rẹ̀, tàbí ìkòkò mímọ ní Òkèlele, láti inú ìwé àwọn onímọ̀. Ó sì lè ya fọ́tò òfì àti ahunṣọ lẹ́nu iṣẹ́, kó gbé e sórí Wikimedia Commons, ibi tí Wikipedia ti ń mú àwòrán, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ọ̀fẹ́. Kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà fóònù má ṣáà ti sí lára rẹ̀.