Ṣé Òótọ́ Ni Pé Ejò Máa Ń Kọ́wọ̀ọ́ Rìn?

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ju fídíò kan sórí WhatsApp ẹbí wa. Títì kan ní Amẹ́ríkà ni: òkúta gàgàrà lápá kan, irà lápá kejì, irin tí wọ́n fi dí ojú ọ̀nà, àti pátákó tó ní kí mọ́tò má kọjá torí pé ejò ń kọjá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Màmá wa ní Ìgbàjà ti fi ohùn ránṣẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Nítorí pé báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé ní Ìlọrin, èmi ni gbogbo wọn dojú ìbéèrè kọ.

Ìbéèrè: Ṣé fídíò yẹn kì í ṣe ayédèrú?

Òótọ́ ni. Gúúsù ìpínlẹ̀ Illinois ni, nínú igbó ìjọba tí wọ́n ń pè ní Shawnee. Snake Road ni àwọn èèyàn ń pe títì náà, kò sì gùn ju nǹkan bíi kìlómítà 4 lọ. Láti ọdún 1972 ni wọ́n ti ń tì í lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, oṣù méjì nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, oṣù méjì kí òmíràn tó dé. Ẹni tó bá láyà lè fẹsẹ̀ rìn ín, kò kàn gbọdọ̀ fọwọ́ kan ejò ni. Ejò olóró sì wà níbẹ̀ dáadáa. Ọ̀kan wà tí omi jẹ́ ilé rẹ̀; bó bá ya ẹnu láti fi dẹ́rù bani, inú ẹnu rẹ̀ á funfun báláú bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n.

Ìbéèrè: Kí ni ejò ń wá kúrò nínú omi lọ sínú òkúta?

Òtútù ni. Ejò kì í dá ooru ara rẹ̀ ṣe bíi tiwa. Bí ibi tó wà bá gbóná, á gbóná. Bó bá tutù, á tutù, á wá lọ́ra bí ẹni tó lo oògùn oorun. Lọ́hùn-ún, omi máa ń dì, ilẹ̀ pàápàá á dì gbagidi. Ejò tí kò bá ríbi wọ̀ sí nígbà náà ti di òkú.

Òkúta ibẹ̀ kì í ṣe irú ti Òkè Sóbì tiwa. Òkúta ẹfun ni, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ọbájánà fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Omi òjò máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi la ihò àti pàlàpálá sínú rẹ̀, àwọn mìíràn á sì jìn kọjá ibi tí òtútù lè dé. Ibẹ̀ ni ejò ń wọ̀ lọ, tí á dùbúlẹ̀ láìjẹun fún oṣù bíi mélòó kan. Ìgbà tí ooru bá padà, ebi ni yóò lé e jáde, torí irà ni ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹja wà.

Ìbéèrè: Àgbà tó ní "àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà" ńkọ́? Ṣé ó ṣìnà ni?

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi ju gbogbo ìyókù lọ. Bàbá kan ní Ọ̀fà ló bi mí, ó sì ka òwe náà délẹ̀: bí ọká bá ṣáájú, tí sèbé tẹ̀lé e, tí òjòlá ń wọ́ ruru bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró?

Àgbà ò ṣìnà. Ìfẹ́ kọ́ ló kó wọn jọ sínú òkúta. Ihò tó jìn tó ni kò pọ̀. Bí òjò bá ká yín mọ́ títì, tí ẹ̀yin ogójì sá sábẹ́ òrùlé ilé epo kan, ṣé ẹgbẹ́ ni yín? Ní Narcisse, ìpínlẹ̀ Manitoba ní Kánádà, ejò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí kì í pa èèyàn lára. Ẹgbẹẹgbàárùn-ún wọn ló ń sùn sínú kòtò òkúta bíi mélòó kan. Akọ ló ń kọ́kọ́ jáde, tí wọ́n á máa ṣọ́ ẹnu ihò. Abo kan ṣoṣo á yọrí, ọ̀pọ̀ akọ á sì wé mọ́ ọn títí gbogbo wọn á fi dà bí òṣùká tó ń mí. Mọ́tò pa wọ́n títí lójú ọ̀nà ibẹ̀, kí wọ́n tó ṣe ọgbà kúkúrú tó ń darí wọn sínú páìpù lábẹ́ títì. Bí akọ àti abo bá ti gun ara wọn tán, kálukú á bá tirẹ̀ lọ.

Kò sí aṣáájú kankan. Ahọ́n ni wọ́n fi ń mọ̀nà: ejò á yọ ọ́, á fi kó òórùn, á fà á padà sí òkè ẹnu níbi tó ti ń mọ ohun tó jẹ́. Ọmọ ejò tí kò tíì rí òtútù rí lè tọ òórùn àgbà dé ẹnu ihò. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀, wọn ò kọ́wọ̀ọ́.

Ìbéèrè: Òkúta wà ní Kwara, odò Àsà àti Ọ̀yùn wà. Kí ló dé tí tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

Ọyẹ́ wa lè la ètè, kò lè sọ omi di yìnyín. Ọ̀gbẹlẹ̀ àti oòrùn ni ejò tiwa ń sá fún, ihò fún ìyẹn sì wà níbi gbogbo: ọ̀gán, ihò òkété, abẹ́ gbòǹgbò. Nínú oṣù Kìíní, mo rí awọ tí ejò bọ́ sí ẹnu ihò ọ̀gán kan nínú oko ẹ̀gẹ́ wa. Ó fẹ́lẹ́ bí ìwé, ó sì bọ́ látorí dé ìrù, títí kan awẹ́ méjì tó mọ́ gaara bíi nylon, èyí tó bo ẹyinjú. Mi ò dúró wo ẹni tó bọ́ ọ.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí a fi ń rí wọn púpọ̀ nígbà òjò àti ìkórè?

Omi ń kún ihò wọn, eku ń tẹ̀lé àgbàdo, ejò ń tẹ̀lé eku. Iná tí a ń sun igbó náà ń lé wọn. Ẹ ṣọ́ra fún ejò kúkúrú kan nínú ọ̀dàn, àwọ̀ rẹ̀ bí iyẹ̀pẹ̀. Bínú bá ń bí i, á máa fi ìpẹ́ ara gbo ara, ẹ ó gbọ́ ṣáàà bí epo àkàrà tó ń hó. Oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Bó bá bu èèyàn jẹ, ẹ má sín gbẹ́rẹ́, ẹ má dì í pinpin, òkúta dúdú kò sì fa oró. Ẹ má jẹ́ kí apá tàbí ẹsẹ̀ náà mira, ọsibítù tó ní abẹ́rẹ́ aporó ni kí ẹ gbà lọ.

Ìbéèrè: Ṣé kí ìjọba wá ti títì Àjàṣẹ́-Ìpo pa ni?

Àbúrò mi ló bi èyí, ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Kò sí ojú kan tí ejò tiwa ń gbà kọjá lápapọ̀, ibo la fẹ́ dí?

Màmá gbọ́ gbogbo àlàyé yìí tán. Ìdáhùn rẹ̀ wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. Ó ní òun gbà pé òtútù ni, ṣùgbọ́n kí ọmọ yẹn má fi fídíò okùn ránṣẹ́ sí òun mọ́ lóru.